Omi àgbọn: láti etí òkun Àgbádárìgì dé inú páálí

Òògùn tí a kò fowó rà, ẹ̀yìn ààrò níí gbé. Òwe àwọn baba wa yìí ló máa ń wá sọ́kàn èèyàn bó bá wọ àwọn ilé ìtajà ńláńlá tó wà nílùú Èkó lónìí, tó rí omi àgbọn tí wọ́n rọ sínú páálí àti ike, tí wọ́n tò ó sínú fíríìjì lẹ́gbẹ̀ẹ́ mínírà àti omi èso, tí wọ́n sì kọ ọ́ sára rẹ̀ pé ohun mímu àdánidá tó ń ṣe ara lóore ni. Omi tí ọ̀pọ̀ nínú wa ń dà sílẹ̀ nígbà tí a wà lọ́mọdé ti wá di ohun tí wọ́n ń fi ọkọ̀ ojú omi kó wá láti ilẹ̀ Éṣíà, tí àwọn ọmọ wa tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù àti Amẹ́ríkà sì ń rà lówó gọbọi. Ẹni tí kò náwó sí i ló fi í sẹ́yìn ààrò. Ẹni tó náwó sí i ti gbé e sórí tábìlì.

Ṣé òótọ́ ni gbogbo ohun tí wọ́n kọ sára páálí náà? Ṣé a lè fún ọmọ tó ń yàgbẹ́ gbuuru? Ṣé àgbàlagbà tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lè máa mu ún láràárọ̀? Ká lè dáhùn àwọn ìbéèrè yìí dáadáa, a gbà pé ó yẹ ká kọ́kọ́ lọ sí ibi tí àgbọn pọ̀ sí jù lọ nítòsí wa, ìyẹn Àgbádárìgì, tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀ sí Badagry.

Ọ̀nà Àgbádárìgì

Ẹni tó bá wà ní erékùṣù Èkó lè wọ ọkọ̀ ojú irin tí wọ́n ń pè ní Blue Line, èyí tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò lóṣù kẹsàn-án ọdún 2023, láti Marina dé Mile 2. Láti Mile 2 ni yóò ti bọ́ sínú ọkọ̀ èrò tó ń lọ sí Àgbádárìgì. Ọ̀nà yìí kan náà ló lọ títí dé Sẹ̀mẹ̀, níbi tí Nàìjíríà ti pààlà pẹ̀lú orílẹ̀-èdè Benin. Ọdún 2009 ni ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ ọ̀nà náà, àwọn tó ń gbé àdúgbò ibẹ̀ sì lè sọ ìtàn ìyà tí wọ́n ti jẹ nínú ẹrẹ̀ àti eruku lójú ọ̀nà ọ̀hún.

Títí èèyàn yóò fi kọjá Ìyànà-Ìbà àti Òkòkómáìkò, ariwo ọkọ̀ àti ti àwọn ọlọ́jà ni yóò máa gbọ́. Ṣùgbọ́n bó bá ti kọjá Agbárá, afẹ́fẹ́ á bẹ̀rẹ̀ sí í yí padà. Á tutù díẹ̀, á sì ní òórùn iyọ̀ díẹ̀ nínú. Ibẹ̀ ni èèyàn yóò ti máa rí àwọn igi àgbọn tó ga fíofío, tí wọ́n tẹ̀ síbí tẹ̀ sọ́hùn-ún bí ẹni pé wọ́n ń kí àlejò. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, àgbọn gbígbó tí wọ́n ti bó èèpo rẹ̀ wà lókìtì lókìtì. Òróró àgbọn, tí a tún ń pè ní àdí àgbọn, wà nínú ìgò, àwọn ìyá sì to gúrúndì àti bàbá dúdú sínú ọ̀rá kéékèèké.

Ìlú ìtàn ni Àgbádárìgì. Ibẹ̀ ni ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àkọ́kọ́ ní Nàìjíríà wà, èyí tí àwọn míṣọ́nnárì CMS kọ́ parí lọ́dún 1845. Ibẹ̀ náà ni àwọn yàrá tóóró tí wọ́n ń kó àwọn ẹrú sí wà. Bí èèyàn bá fi ọkọ̀ ojú omi sọdá ọ̀sà, á gúnlẹ̀ sí Gberefu. Inú iyanrìn ibẹ̀ ni ọ̀nà tí wọ́n mú àwọn ẹrú gbà lọ sétí òkun wà, ọ̀nà tó jẹ́ àlọ rámirámi, tí ẹnikẹ́ni kì í ti í bọ̀. Lónìí, igi àgbọn ló dúró sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà náà lọ́tùn-ún lósì. Ẹni tó bá rìn ín lọ́sàn-án gangan yóò mọ̀ pé ẹ̀bùn ńlá ni igi tó ń ru omi tútù sókè lórí ilẹ̀ iyanrìn tó gbóná.

Àwọn ará ibẹ̀, tí wọ́n jẹ́ Ògù, ìyẹn àwọn tí àwa ń pè ní Ẹ̀gùn, agunkẹ ni wọ́n ń pe àgbọn. Láti ara ọ̀rọ̀ yẹn ni wọ́n ti fún ayẹyẹ àgbọn wọn lórúkọ, Agunkefest. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó náà ní àjọ kan tó ń rí sí ọ̀rọ̀ àgbọn nìkan, LASCODA lorúkọ rẹ̀. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìlú kan ṣoṣo mọ́ báyìí: láti ọdún 2009 ni wọ́n ti ya ọjọ́ kejì oṣù kẹsàn-án ọdọọdún sọ́tọ̀ gẹ́gẹ́ bí ọjọ́ àgbọn lágbàáyé.

Báwo ni àgbọn ṣe dé ọ̀dọ̀ wa?

Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé láti ìgbà ìwáṣẹ̀ ni igi àgbọn ti wà létí òkun wa. Kò rí bẹ́ẹ̀. Apá Éṣíà àti àwọn erékùṣù òkun Pàsífíìkì ni ìdílé àgbọn ti wá. Lẹ́yìn tí àwọn Potogí ti rí ọ̀nà òkun dé Íńdíà lápá ìparí ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ni wọ́n gbé àgbọn láti etí Òkun Íńdíà yí gúúsù Áfíríkà ká wá sí erékùṣù Cape Verde. Láti ibẹ̀ ló ti tàn dé etí òkun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, tó sì sọdá sí Brazil. Òkun kan náà tó gbé àwọn èèyàn wa lọ sí Bahia ló gbé àgbọn lọ síbẹ̀. Ní Bahia lónìí, àgbọn tútù aláwọ̀ ewé ni wọ́n ń gé lórí fún ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ lójú títì, tí yóò sì fi ìfàmu fa omi inú rẹ̀.

Àwa níbí kì í sábà jẹ́ kí àgbọn wà ní tútù. A máa ń dúró dìgbà tó bá gbó, nítorí ara funfun inú rẹ̀ ni a ń fẹ́: èyí tí a ó fi jẹ àgbàdo sísè, tí a ó fi jẹ gààrí, tí a ó fi se ìrẹsì alágbọn tàbí tí a ó fi ṣe òróró. Àgbọn máa ń lò tó oṣù mọ́kànlá sí méjìlá kó tó gbó dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tó bá pé bí oṣù mẹ́fà sí méje ni omi inú rẹ̀ máa ń pọ̀, tó sì máa ń dùn jù. Bó ṣe ń gbó sí i ni omi yẹn ń dín kù, tí ara funfun náà sì ń nípọn. Ìdí nìyẹn tí omi àgbọn tútù fi yàtọ̀ lẹ́nu sí ti àgbọn gbígbó tí a ń fọ́ nílé.

A bá ìyá àgbà kan tó ń ta àgbọn lẹ́bàá ọ̀nà sọ̀rọ̀. A ní, "Ìyá, ẹ kú ọjà o. Ẹ jọ̀ọ́, kí lẹ máa ń fi omi rẹ̀ ṣe bí ẹ bá fẹ́ ṣe òróró?" Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọmọ mi, láyé ìgbà tí a wà lọ́mọdé, ilẹ̀ ló ń mu ún. Àwọn òbí wa ní ẹni tó bá ń mu omi àgbọn á di olódo nílé ìwé. Ní báyìí, àwọn ọmọ tó kàwé gan-an ló ń wá rà á lọ́wọ́ mi."

Ọ̀rọ̀ ìyá yìí pa wá lẹ́rìn-ín, nítorí kò sí ilé Yorùbá tí wọn kò ti gbọ́ ọ rí. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé kò sí ohun kan nínú omi àgbọn tó lè sọ ọmọ di olódo. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé àwọn àgbà kò fẹ́ kí àwọn ọmọ máa jí àgbọn tí wọ́n fẹ́ tà fọ́ ni wọ́n ṣe dá ọgbọ́n yẹn.

Kí ló wà nínú omi náà?

Nínú 100 gíráàmù omi àgbọn, nǹkan bíi 95 ló jẹ́ omi lásán. Ìyókù ni ṣúgà díẹ̀, iyọ̀ díẹ̀, àti èròjà kan tí wọ́n ń pè ní potassium. Èròjà yìí gan-an ló gbé omi àgbọn ga. Ife kan, tó tó 240 milílítà, lè ní nǹkan bíi 600 milígíráàmù potassium nínú. Àjọ ìlera àgbáyé, WHO, sọ pé ó yẹ kí àgbàlagbà máa rí ó kéré tán 3,510 milígíráàmù lójúmọ́ láti inú oúnjẹ, nítorí pé ó ń ran iṣan àti ọkàn lọ́wọ́, ó sì ń bá wa dín ẹ̀jẹ̀ ríru kù. Ìyẹn ni pé ife omi àgbọn kan lè kó nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́fà ohun tí ara ń fẹ́ lóòjọ́. Ṣùgbọ́n ẹ rántí pé potassium tún wà nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀, ẹ̀wà, ẹ̀fọ́, ọsàn àti iṣu. Ẹni tó ń jẹun dáadáa kò ní láti ra páálí kó tó rí i.

Ní ti ṣúgà, omi àgbọn tí wọn kò fi nǹkan kan kún sàn ju mínírà lọ. Ife kan lè ní gíráàmù 6 sí 12, bí irú àgbọn náà àti ọjọ́ orí rẹ̀ bá ṣe rí. Ìyẹn jẹ́ ṣíbí tíì kan ààbọ̀ sí mẹ́ta. Ọ̀pọ̀ mínírà aládùn ló ní nǹkan bíi gíráàmù 10 nínú 100 milílítà, tó fi jẹ́ pé ife kan rẹ̀ á tó ṣíbí tíì mẹ́fà. Òbí tó bá fi omi àgbọn pààrọ̀ mínírà nínú àpò oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ti ṣe ohun tó dára. Ṣùgbọ́n òbí tó bá fi pààrọ̀ omi mímọ́ lásán kò jèrè nǹkan kan.

Àwọn kan máa ń sọ pé omi àgbọn dà bí omi tí dókítà ń fà séèyàn lára, ìyẹn dírípù. Ọ̀rọ̀ náà ní ibi tó ti ṣẹ̀ wá. Lọ́dún 2000, àwọn dókítà kọ ìròyìn nípa aláìsàn kan ní erékùṣù Solomon Islands tí wọ́n fa omi àgbọn sí lára nígbà tí omi dírípù kò sí lárọ̀ọ́wọ́tó. Ọ̀ràn ìdágìrì ni, àwọn tó mọ iṣẹ́ ló sì ṣe é. Kò sọ omi àgbọn di dírípù, nítorí iyọ̀ inú rẹ̀ kéré, potassium rẹ̀ sì pọ̀, nígbà tó jẹ́ pé iyọ̀ ló pọ̀ jù nínú omi ara ẹ̀jẹ̀ wa.

Ti inú páálí ńkọ́?

Omi àgbọn kì í pẹ́ bàjẹ́. Bí àgbọn bá ti ṣí báyìí, afẹ́fẹ́ á kàn án, kòkòrò àìfojúrí á sì kó wọ inú rẹ̀. Láàárín wákàtí díẹ̀ nínú ooru wa yìí, á ti bẹ̀rẹ̀ sí í kan. Èyí ló mú kí àwọn oníléeṣẹ́ máa wá ọ̀nà tí wọ́n yóò fi tọ́jú rẹ̀. Àwọn kan máa ń gbé e kaná gidigidi fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, wọ́n á wá dé e pa sínú páálí tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀. Irú èyí lè pẹ́ fún ọ̀pọ̀ oṣù láìsí nínú fíríìjì, níwọ̀n ìgbà tí wọn kò bá tíì ṣí i. Àwọn mìíràn kì í gbé e kaná. Agbára ẹ̀rọ ni wọ́n fi ń tẹ̀ ẹ́ kí kòkòrò inú rẹ̀ lè kú. Adùn ti irú yìí sún mọ́ ti àgbọn tútù, àmọ́ inú òtútù ló gbọ́dọ̀ wà láti iléeṣẹ́ títí dé ilé yín. Àwọn kan sì wà tó jẹ́ pé wọ́n máa ń gbẹ omi rẹ̀ kí ó lè ki, kí ó lè rọrùn láti kó, kí wọ́n tó tún fi omi là á níbi tí wọ́n ti fẹ́ tà á.

Iná náà máa ń yí adùn rẹ̀ padà, ó sì lè dín àwọn èròjà kan tí kò fẹ́ràn ooru kù. Ṣùgbọ́n potassium kì í bá iná lọ. Nítorí náà, kì í ṣe irọ́ pé omi àgbọn inú páálí ṣì ní oore nínú. Ohun tó yẹ ká máa ṣọ́ ni ohun tí wọ́n fi kún un. Àwọn kan ń fi ṣúgà sí i, àwọn kan ń fi omi èso mìíràn tàbí òórùn dídùn sí i, síbẹ̀ àwòrán àgbọn ńlá ni wọ́n yà sára rẹ̀.

Èyí tó wá léwu jù ni ti ojú títì: omi àgbọn inú ike tí kò ní orúkọ, tí kò ní nọ́ńbà NAFDAC, tí kò ní ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Kò sí ẹni tó mọ bí ọwọ́ ẹni tó rọ ọ́ ṣe mọ́ tó, tàbí omi wo ni wọ́n fi fọ ike náà. Ẹ rántí pé nígbà tí kọ́lẹ́rà bẹ́ sílẹ̀ ní Èkó lóṣù kẹfà ọdún 2024, ìjọba ìpínlẹ̀ náà sọ fáráyé pé àwọn fura sí ohun mímu kan tí wọ́n fi ọ̀fíọ̀ ṣe, tí kò ní ìwé àṣẹ. Ọ̀fíọ̀ kò ṣẹ̀ ẹnikẹ́ni, bẹ́ẹ̀ ni àgbọn náà kò ṣẹ̀. Ọwọ́ àti omi tí wọ́n fi ṣe é ni ìbéèrè wà fún. Omi inú odidi àgbọn tí kò sán, tí wọ́n gé lórí lójú yín pẹ̀lú àdá tó mọ́, ló fọkàn ẹni balẹ̀ jù.

Odidi àgbọn náà ní ìgbà tirẹ̀ o. Lọ́dún 2021, àwọn dókítà kọ ìròyìn nípa bàbá ẹni ọdún 69 kan ní orílẹ̀-èdè Denmark tó ra àgbọn tí wọ́n ti há èèpo rẹ̀ kúrò, irú èyí tó yẹ kó wà nínú fíríìjì. Orí tábìlì ni bàbá náà gbé e sí fún nǹkan bí oṣù kan. Nígbà tó fa díẹ̀ mu, ó rí i pé adùn rẹ̀ ti yí padà, kò sì mu mọ́. Láàárín wákàtí díẹ̀, èébì àti òògùn bò ó, orí rẹ̀ dàrú, ó sì kú ní nǹkan bíi wákàtí 26 lẹ́yìn tó dé ọsibítù. Àwọn dókítà rí i pé irú èbu kan ti hù nínú àgbọn náà, ó sì ti pèsè májèlé tó ba ọpọlọ rẹ̀ jẹ́. Ọ̀ràn tó ṣọ̀wọ́n ni, ṣùgbọ́n ó kọ́ wa pé ohun àdánidá náà ń dìkàsì, tó bá sì ti dìkàsì, kì í ṣe ohun tí à ń tọ́ wò.

Ẹ̀yin òbí, ẹ gbọ́

Ọmọ tí kò tíì pé oṣù mẹ́fà kò nílò omi àgbọn, bí kò ṣe nílò omi lásán. Ọmú ìyá nìkan ti tó o. Ẹ̀yin ìyá àgbà tó wá ṣe ọmọ, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣe fi ṣíbí rọ ọ́ sí i lẹ́nu.

Ọmọ tó ti ju bẹ́ẹ̀ lọ, tí ìgbẹ́ gbuuru ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yọ lẹ́nu, tí ara rẹ̀ sì ṣì le, lè mu omi àgbọn tútù pẹ̀lú ọmú, omi ẹ̀kọ àti oúnjẹ rẹ̀. Kódà, WHO kà á mọ́ àwọn ohun mímu tí a lè fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀ nílé kí omi ara rẹ̀ má baà gbẹ. Ṣùgbọ́n bí ìgbẹ́ náà bá ti pọ̀, tàbí tí èébì wà níbẹ̀, omi àgbọn kò lè dípò ORS. Iyọ̀ ni ọmọ náà ń pàdánù sínú ìgbẹ́, iyọ̀ inú omi àgbọn kò sì tó láti dí i. ORS ni wọ́n dìídì wọ̀n ní ìwọ̀n tí ara ọmọ yóò fi lè fa omi àti iyọ̀ náà. Ẹ ra ORS ní ilé ìtajà oògùn, ẹ wo iye omi tí wọ́n ní kí ẹ fi pò ó, ẹ má ṣe dín in, ẹ má ṣe fi kún un. Ẹ béèrè síńkì pẹ̀lú, èyí tí ọmọ yóò máa lò lójoojúmọ́ fún ọjọ́ mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá.

Bí ORS kò bá sí nítòsí rárá, ẹ wọn lítà omi mímọ́ kan, ẹ fi ṣíbí tíì ṣúgà mẹ́fà àti ààbọ̀ ṣíbí tíì iyọ̀ sí i. Kí ṣíbí náà tẹ́jú, kó má ga bí òkè. Bí ojú ọmọ bá jìn wọnú, tí ẹnu rẹ̀ gbẹ, tí kò tọ̀ mọ́, tí ẹ̀jẹ̀ wà nínú ìgbẹ́ rẹ̀, tàbí tí ó rẹ̀ ẹ́ débi pé kò lè mu nǹkan, ọsibítù ló kàn, kì í ṣe páálí omi àgbọn. Inú irú wákàtí bẹ́ẹ̀ ni ọmọ máa ń bọ́ mọ́ òbí lọ́wọ́, nígbà tí wọ́n ṣì ń rò pé ohun tí àwọn ń fún un ti tó.

Ohun kan tún kù. Láyé àtijọ́, wọ́n gbà pé omi àgbọn máa ń ba oògùn jẹ́, pé ó ń pa oró májèlé. Nítorí èyí, bí ọmọ bá mu kẹrosíìnì tàbí tó gbé oògùn àgbàlagbà mì, ohun tí àwọn kan máa ń kọ́kọ́ sáré wá ni àgbọn. Omi àgbọn kò lè ṣe èyí. Ẹ má ṣe fi epo pupa tàbí omi àgbọn rọ ọmọ náà, ẹ má sì mú kó bì. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀, kí ẹ sì mú ìgò tàbí páálí ohun tó mu náà dání.

Ẹ̀yin àgbà, ọ̀rọ̀ kan rèé

Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Omi àgbọn tó ń ṣe ẹnì kan lóore lè pa ẹlòmíràn lára, ìdí rẹ̀ sì ni potassium yẹn náà. Kíndìnrín ló ń tọ potassium tó bá pọ̀ jù dànù. Bí kíndìnrín bá ń ṣe àìsàn, á kó jọ sínú ẹ̀jẹ̀. Bó bá sì pọ̀ jù nínú ẹ̀jẹ̀, ó lè mú kí ọkàn máa lù ségesège, ó tilẹ̀ lè dá a dúró. Ohun tó burú níbẹ̀ ni pé ó lè máà fi àmì kankan hàn tẹ́lẹ̀, yàtọ̀ sí pé ara á kàn máa rẹ èèyàn.

Kì í ṣe oníkíndìnrín nìkan lọ̀rọ̀ kàn. Àwọn oògùn kan tí wọ́n ń fún wa fún ẹ̀jẹ̀ ríru tàbí àìsàn ọkàn máa ń jẹ́ kí potassium dúró sínú ara. Lára wọn ni lisinopril, ramipril, losartan, spironolactone tí wọ́n tún ń pè ní Aldactone, àti Moduretic tí ọ̀pọ̀ àgbà mọ̀ dáadáa. Bí ẹ bá ń lo ọ̀kan nínú wọn, ẹ má ṣe tìtorí ohun tí ẹ kà yìí dá oògùn yín dúró. Ohun tó yẹ ni kí ẹ bi dókítà tàbí apòògùn yín léèrè kí ẹ tó sọ omi àgbọn di ohun tí ẹ ń mu lójoojúmọ́. Ẹ̀yin tó ní àtọ̀gbẹ, ẹ ka ṣúgà inú rẹ̀ mọ́ oúnjẹ ọjọ́ náà, nítorí ṣúgà àdánidá náà ṣúgà ni.

Ẹni tí ara rẹ̀ le pàápàá, àṣejù, baba àṣetẹ́. Lọ́dún 2014, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà kọ̀wé nípa ọkùnrin ẹni ọdún 42 kan tó ń gbá tẹ́níìsì nínú oòrùn, tó sì mu ìgò omi àgbọn mẹ́jọ lọ́jọ́ kan náà. Ó dákú. Nígbà tí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò, potassium inú rẹ̀ ti ga kọjá ààlà. Orí ló kó o yọ, nítorí wọ́n tètè gbé e dé ọsibítù. Ẹ jẹ́ ká fi ti àwọn bàbá àti ìyá wa tó ti lé ní 60 ọdún wé e, tí ọmọ wọn òkè òkun fi páálí omi àgbọn kan ránṣẹ́ sí, tó sì ní kí wọ́n máa mu ún dáadáa nítorí ó ń wẹ kíndìnrín. Ìfẹ́ ni ọmọ náà fi ṣe é, ṣùgbọ́n omi àgbọn kì í wẹ kíndìnrín. Èyí tó bá ṣàìsàn gan-an ni yóò tún dá kún lọ́rùn.

Bí ẹ bá fẹ́ rà á

Fún ẹni tí ara rẹ̀ dá, ife kan lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan kò burú, pàápàá lẹ́yìn iṣẹ́ nínú oòrùn. Bí ti inú páálí ló bá tẹ́ yín lọ́rùn, ẹ yẹ nǹkan mẹ́rin wò kí ẹ tó sanwó. Àkọ́kọ́ ni nọ́ńbà NAFDAC. Ìkejì ni ọjọ́ tí agbára rẹ̀ yóò tán. Ìkẹta ni àwọn ohun tó wà nínú rẹ̀: bó bá jẹ́ omi àgbọn nìkan ni wọ́n kọ, ó dára, bí ṣúgà bá tẹ̀ lé e, ẹ mọ̀ pé ọmọ ìyá mínírà ni. Ìkẹrin ni ibi tí wọ́n ní kí wọ́n tọ́jú rẹ̀ sí. Bí wọ́n bá kọ ọ́ pé inú fíríìjì ló gbọ́dọ̀ wà, tí ẹ sì bá a lórí igbá nínú oòrùn, ẹ fi í sílẹ̀ fún olówó rẹ̀.

Bí ẹ bá ti ṣí i, ẹ dé e, ẹ gbé e sínú fíríìjì, kí ẹ sì mu ún tán láàárín ọjọ́ kan sí méjì. Bí iná kò bá dúró ládùúgbò yín, ẹ ra èyí tó kéré tí ẹ lè mu tán lẹ́ẹ̀kan náà. Bí omi inú rẹ̀ bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú díẹ̀, ìyẹn nìkan kò ní kó ti bàjẹ́, afẹ́fẹ́ lè fà á. Ṣùgbọ́n bí páálí bá wú, tí omi rẹ̀ ń hó, tó ń rùn tàbí tó kan lẹ́nu, ẹ dà á nù. Ẹ má ṣe sọ pé owó ni ẹ fi rà á.

Bí ọ̀nà bá sì gbé yín gba Àgbádárìgì, ẹ dúró lọ́dọ̀ àwọn ìyá tó ń tà á lẹ́bàá ọ̀nà. Ẹ mú àgbọn kan, ẹ mì í létí kí ẹ gbọ́ bóyá omi ṣì wà nínú rẹ̀, ẹ yẹ ara rẹ̀ wò bóyá ó ti sán tàbí ó ti hu èbu lójú, kí ẹ tó ní kí wọ́n bá yín là á. Ẹ mu omi rẹ̀ lójú ẹsẹ̀, kí ẹ sì gbé ìyókù lọ sílé fún àwọn ọmọ láti fi jẹ àgbàdo. Owó yín á wọ ọwọ́ ẹni tó gbìn ín, ẹ̀yin náà á sì mọ ohun tí ẹ mu. Àgbọn kò dìgbà tó bá wọ ọkọ̀ ojú omi kó tó ṣe ara lóore.